Ẹni tí Olúkẹ́mi Ń Gbé Edé Lọ Fún

Ọkùnrin tó bá rí abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, tí obìnrin náà ń gbé e jáde nílé ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, tó ti kun àtíkè, tó ti wé gèlè aláwọ̀ ewé, ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ohun tí Ezekiel Adéyanjú náà rò nìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Adéyanjú, ṣùgbọ́n Libreville ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ọdún 1963 là ń wí yìí, ọdún kẹta tí Gàbọ́ọ̀nù gba òmìnira. Òyìnbó tó jẹ́ olórí akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò gẹdú kan ní Glass, àdúgbò kan nínú ìlú náà, ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Faransé lọ́dún tó ṣáájú, àga rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ ìdí Adéyanjú. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti di Musiọ Ezekiel, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Ó ń so táì lọ ra iyọ̀. Táì, nínú oòrùn Awendjé, àdúgbò tí wọ́n ń gbé!

Kò pé oṣù kan lórí àga náà tí Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá a ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i bí wọ́n ti ń kí ọkọ nílé wọn: "Àkànmú, ọkọ Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o!" Gaston, akọ̀wé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń sín ọ̀gá jẹ: "Akanmu! Akanmu!" Adéyanjú délé, ó fajú ro.

"Madámù, mi ò fẹ́ gbọ́ Àkànmú mọ́, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lóde. Musiọ ni kí o máa pè mí."

Olúkẹ́mi wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa, musiọ."

Ilé kan wà lójú ọ̀nà etíkun ní Glass tí òyìnbó kan kọ́. Ó to àpótí dígí ńláńlá sínú rẹ̀, ó bu omi òkun sínú wọn, ó sì kó ẹja sínú omi. Akuaríọ̀mù ni àwọn Faransé ń pè é. Ilé Ẹja ni àwọn Yorùbá ìlú náà ń pè é, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ẹja téèyàn ò ní sè, kí lèèyàn ń wò ó fún? Ṣùgbọ́n Olúkẹ́mi fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibikíbi lọ ní gbogbo ìlú. Bí ìsìn bá ti parí, á ní, "Musiọ, mò ń lọ kí àwọn ẹja." Adéyanjú á tú táì, á sùn.

Ẹni tó jí i lójú oorun ni Àràmátù, obìnrin Nàgó láti Dàhòmì tó ń ta aṣọ nítòsí ilé wọn.

"Bọ̀ọ̀dá Ezekiel, mo rí ìyàwó yín ní Ilé Ẹja. Ẹ̀rín tó ń rín, ó pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀ lójú ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan dúró tì í, ó wọ bàtà rọ́bà. Mi ò ní nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o. Ẹ má ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

Háà! Oorun dá lójú Musiọ. Ó wá ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó rí i pé tó bá ti Ilé Ẹja dé, orin ló ń kọ. Ó rí i pé edé tó tóbi jù nínú ìkòkò ló ń ṣà sínú abọ́ búlúù, abọ́ tí òun fi ń jẹun, èyí tó wẹ́wẹ́ ló ń kù sínú ọbẹ̀ òun. Edé yìí dùn ún ju ẹ̀rín lọ. Kí obìnrin rẹ́rìn-ín fún ọkùnrin mìíràn, ó burú; ṣùgbọ́n kó tún wá máa fi abọ́ ẹni bọ́ ọ!

Owú gbé e jókòó, ó kọ lẹ́tà sí bàbá Olúkẹ́mi nílé: Bàbá, ẹ wá mú ọmọ yín, ó ti rí ọkọ mìíràn. Ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó kì í bọ àpò. Ó búra pé bí òun bá fojú ara òun rí i lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun á fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, kí Olúkẹ́mi sì máa di ẹrù rẹ̀ de ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Olúkẹ́mi gbé abọ́, ó bọ́ sọ́nà. Adéyanjú ń yọ́ tẹ̀ lé e, odidi olórí akọ̀wé, ó ń fi ògiri sá pamọ́. Inú Ilé Ẹja ṣókùnkùn díẹ̀, àfi ibi tí àwọn dígí wà ni iná tàn sí. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn òpó. Ó rí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ó rí Benoît, ọmọ ìlú náà tó ń tọ́jú ẹja: bàtà rọ́bà rèé, eyín rẹ̀ sì funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Adéyanjú fọwọ́ kan lẹ́tà nínú àpò.

Ni ohùn Olúkẹ́mi bá dún. Ohùn tó fi ń jí i láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni.

"Àkànmú! Àkànmú, ọkọ Àbẹ̀kẹ́! Ṣé o sùn dáadáa? Mo ti gbé oúnjẹ rẹ dé."

Adéyanjú rò pé ó ti rí òun. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìpè náà. Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ sọ òmíràn: Àkànmú mélòó ló wà nílẹ̀ Yorùbá? Àkànmú mìíràn, ọmọ ilé ẹni, ló ń jẹ edé ẹni! Ó fò jáde.

"Èwo ni Àkànmú nínú yín?" Ó fi Yorùbá pariwo rẹ̀, ó tún fi Faransé pariwo rẹ̀.

Benoît rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ràn ẹja ni. Ó tẹrí ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó nawọ́ sí dígí. "Musiọ, òun nìyí."

Ẹja ńlá kan ni, ètè rẹ̀ nípọn, ó ranjú. Ó ti sún mọ́ dígí, Olúkẹ́mi ló ń wò. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí pátákó tó wà lókè rẹ̀: AKANMU.

"Ẹja?" ni Adéyanjú wí. "Ẹja lo fún lórúkọ mi?"

Olúkẹ́mi ò tilẹ̀ ta pútú. "Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́, musiọ. Láràárọ̀ ló ń wá sí mi lẹ́nu, mo sì ń gbé e mì. Ibo lẹ fẹ́ kí n gbé e sí? Ọjọ́ kan mo dúró níbí, mi ò mọ ìgbà tí mo pè é. Ẹja yìí yíjú, ó wá bá mi. Ẹ̀yin tí mo pè ńkọ́?"

Ó ju edé kan sínú omi láti òkè, ẹja gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Adéyanjú rẹ́rìn-ín. Ó ti múra ìjà de Benoît, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹja jà?

Benoît ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú ọjọ́ ò dáa. Ó fẹ́ tún un ṣe. "Musiọ, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lorúkọ yín?"

Adéyanjú la ẹnu. Musiọ Ezekiel kọ̀, kò jáde. "Àkànmú," ló sọ.

Benoît bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o, musiọ, ti ẹja nìyẹn! Tiyín ni mò ń béèrè."

Adéyanjú yíjú sí ìyàwó rẹ̀ pé kó jẹ́rìí òun. Olúkẹ́mi ń nu abọ́ búlúù, kò gbójú sókè.

"Musiọ Ezekiel ni wọ́n ń jẹ́," ló wí.

Lójú ọ̀nà etíkun, Adéyanjú ya lẹ́tà náà wẹ́wẹ́, ó dà á sómi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn fún un. Láràárọ̀ ló ń dẹtí, "Ẹ káàárọ̀, musiọ" náà ló ń gbọ́. Owú tó ń jẹ ẹ́ ò dín o, ó lé sí i, torí ó ti wá mọ ẹni tó gba ipò òun.

Nígbà tí Olúkẹ́mi dé Ilé Ẹja lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú dígí. Kò so táì. Obìnrin náà kò kí i. Ó kọjú sí omi.

"Àkànmú!"

"Òo!" ni Adéyanjú dáhùn, kí ẹja tó yíjú.

Olúkẹ́mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹja ni mò ń pè."

"Mo mọ̀, Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Ṣáà máa pè é. Èmi ni n ó máa dáhùn."