Ìrun Ṣekárími Ọkọ Àbúrò Mi

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ìrun kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá sí Abereke kí ẹ wo Khalid, ọkọ àbúrò mi. Kí àwọ̀n tó sún mọ́ etí òkun, ó ti ṣe àlùwàlá. Kí Promise tó ni àwọ̀n náà tó ké pe àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n wá bá òun fà á, Khalid ti tẹ́ ẹní sórí iyanrìn, ó ti kábárà, ó ti kó ọwọ́ sáyà. Ta ni yóò lọ fa ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lápá? Okùn á máa bó àwọn yòókù lọ́wọ́, òun á dúró gbọnrangandan bí òpó ilé. Ọ̀lẹ ò rí ibi sá sí, ó fi ẹ̀sìn bora.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹnikẹ́ni tó bá wà létí òkun nígbà tí àwọ̀n bá gúnlẹ̀, ìpín ẹja kàn án. Ìyá arúgbó tí kò lè gbé igbá, ó kàn án. Àlejò tó ń kọjá lọ, ó kàn án. Bí àwọn bàbá wa ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn, torí òkun kì í ṣe ti ẹnì kan. Ará òkè ni Khalid, ilé iṣẹ́ kan tó ń ri páìpù ló gbé e wá síbí, iṣẹ́ parí, kò padà lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ òfin ẹja yìí ju àwa tí wọ́n bí síbí lọ. Gẹ́rẹ́ tí Promise bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹja ni ọkọ àbúrò mi ń sálámà sọ́tùn-ún sósì, tó ń ká ẹní, tó ń béèrè ọ̀bọ̀kún tirẹ̀. Ìtìjú kankan ò sí lára rẹ̀.

Ìrun Àsùbáà ńkọ́, nígbà tí kò sí àwọ̀n tí wọ́n ń fà? Oòrùn á ti gun orí páànù, Khalid á ṣì máa hanrun.

Ẹ má rò pé torí pé èmi Jọọlá jẹ́ ọmọ ìjọ ni mo ṣe ń sọ báyìí. Èmi àti ìrun ò ní ìjà. Moríkẹ́ àbúrò mi, tó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀, ni mo fi mọ ohun tí ìrun ń jẹ́. Yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò fi omi àmù tó tutù ṣe àlùwàlá, yóò kírun tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí a fi ń yan ẹja. Mo ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ rí, mo pe orúkọ rẹ̀ títí, kò gbọ́. Ìgbà tó parí ló yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀." Mo padà sílé, àdúrà tèmi tì mí lójú.

Ní ọdún tó kọjá, Ìmáàmù Ògúnlànà, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, sọ pé ẹsẹ̀ òun ò gbé òun dáadáa mọ́. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, òun yóò fi ẹnì kan jẹ náíbì, tí yóò máa ṣíwájú ìrun nígbà tí òun ò bá lè wá. Mọ́sálásí wa kò ju pákó àti páànù lórí òpó lọ, ṣùgbọ́n ipò ni ipò ń jẹ́. Ó wọ Khalid lójú.

Láti ọjọ́ náà ni ìrun rẹ̀ ti gùn sí i. Bó bá forí kanlẹ̀, ẹ lè lọ ra kẹrosíìnì kí ẹ padà wá bá a níbẹ̀. Iyanrìn iwájú orí rẹ̀, kì í nù ún, kí aráyé lè rí i. Ó tiẹ̀ wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí Ìmáàmù bá bi yín léèrè nípa mi, ẹ sọ fún wọn pé n kì í mọ ohun tó ń lọ láyé bí mo bá wà lórí ìrun." Mo dá a lóhùn pé ẹja mi ń jóná.

Jímọ̀ ku ọ̀la, ìrun Alásárì tó. Òkun ti gbá àtẹ̀gùn mọ́sálásí lọ, orí iyanrìn ni wọ́n ń kírun sí. Ìmáàmù wà níwájú, àwọn ọkùnrin díẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, Khalid sì há ara rẹ̀ mọ́ ibi tó sún mọ́ Ìmáàmù jù. Promise, tí kì í ṣe mùsùlùmí, ń tún àwọ̀n tuntun rẹ̀ ṣe nínú omi. Moríkẹ́ ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti ọjà Ayétòrò. Ó ti fẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀ nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀n Promise lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó ké, omi gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà fi igbe ta pé Moríkẹ́ ń rì.

Ìmáàmù Ògúnlànà, tí ẹsẹ̀ ò gbé, já ìrun rẹ̀, ó sáré wọ omi tòun ti jalabíà. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ku Khalid. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó sún síwájú, ó bọ́ sórí ẹní Ìmáàmù, ó ń bá ìrun lọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi ń mu omi òkun, ọkọ rẹ̀ ń ṣe náíbì fún iyanrìn.

Promise fa ọ̀bẹ yọ, ó gé àwọ̀n tuntun náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé Moríkẹ́ jáde, ó bì, ó wúkọ́, ó jókòó. N kò ní purọ́ fún yín, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wá sálámà. Ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀, Ìmáàmù ló kọjú sí. Ó ní, "Bàbá, ìrun já mọ́ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo bá yín parí rẹ̀."

Ìmáàmù ní, "Ọlọ́run fàyè gbà wá kí á já ìrun nítorí ẹ̀mí, Khalid."

Ọwọ́ ń yún mi láti gbá a létí. Moríkẹ́ di aṣọ mi mú, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

Ká ní ó ní òun ò gbọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ. Ó rí i pé ojú Ìmáàmù ti le, ó fẹ́ fọ ara rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Moríkẹ́, mi ò pa ọ́ tì o. Mo rí Promise nígbà tó fa ọ̀bẹ yọ, mo rí i tí ọwọ́ Bàbá tó ọ lápá, ni ọkàn mi bá balẹ̀."

Ẹni tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn ní Abereke láti kírun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òkun wà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí ọ̀bẹ Promise láti orí ẹní yẹn, àfi kó yí ọrùn padà pátápátá kó máa wòran. Promise bojú wolẹ̀, ojú ń ti ẹni tí kò ṣẹ̀.

Moríkẹ́ ní, "Ẹ yíjú, ẹ sì rí mi." Kò pariwo.

Ìmáàmù ní Alásárì ṣì wà lọ́rùn àwọn. Wọ́n tún àlùwàlá ṣe, aṣọ wọn ń kán tótó. Moríkẹ́ dìde, mo fi ìborùn mi bò ó lórí, ó lọ dúró sẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Khalid náà sáré dé, ó ń fi èjìká wá àyè nínú ìlà. Ìmáàmù bojú wẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sí i.

"Lọ jókòó, Khalid. Ìwọ ti kí tìrẹ."