Ìṣáná Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ìṣáná kì í tán nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bẹ́ẹ̀ aṣọ ni wọ́n ń bá lọ sọ́jà. Aṣọ aláwọ̀ kan ni wọ́n máa ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n á rán pọ̀ di ìbora. Bí aláṣọ kan lọ́jà Láfẹ́nwá bá ní, “Ìyá, òwú gidi ni, wọlai!” wọ́n á fúnra wọn fa fọ́nrán kan yọ, wọ́n á ṣáná sí i. Òwú gidi á di eérú. Bí fọ́nrán náà bá yọ́ bí ọ̀rá, wọ́n á ní, “Ìwọ lo búra, iná ò búra.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, obìnrin tó wẹ òkú wọn tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó ní òwú ni. Mo fa fọ́nrán kan yọ, mo ṣáná sí i. Ìgbà tó di eérú ni mo tó jẹ́ kó fi wé wọn.