Ìdáhùn Tí Mo Kọ́ Ọmọ Mi

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin tèmi gan-an kò mọ ìyàtọ̀ láàárín A àti ẹsẹ̀ adìẹ. Bí a bá bi í ní nǹkan, ẹnu ẹni ni á máa wò. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní òun yóò fà á lé tíṣà tó ń bójú tó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kí n kọ́kọ́ gba lẹ́tà dókítà wá láti Adó. Lẹ́tà yẹn nìkan ni mo ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àgbàdo, tó ti mú ọmọ tirẹ̀ lọ rí, sọ ohun tí dókítà máa ń béèrè fún mi: orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú, àwọ̀, kí ọmọ ka oókan dé ogún. Ẹ wo ìwà tíṣà! Bí a ṣe máa ń múra kíláàsì sílẹ̀ de àwọn alábẹ̀wò ìjọba ni mo ṣe jókòó ti ọmọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi orin kọ́ ọ. Mo fi dòdò bẹ̀ ẹ́. Mo nà án lẹ́ẹ̀kan, ó ń dùn mí títí dòní.

Ìyá ọkọ mi wò wá títí, ó ní, "Ó ti rẹ ọmọ yìí. Jẹ́ kó wọ ulé lọ sùn." N kò gbọ́.

Lọ́dọ̀ dókítà, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kàn wá, ó ń béèrè, ọmọ mi ń dáhùn wàràwàrà. Orí mi wú. Ojú tì mí láti sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ sílẹ̀.

Dókítà ní, "Màmá, ọmọ yín pé. Ojú ló kàn ń tì í ní kíláàsì." Ohun tó kọ sínú lẹ́tà náà nìyẹn.

Ọ̀gá kà á tán, ó dá a padà fún mi. "Tíṣà ni ẹ̀yin náà, mà. Bí kò bá sí ohun tó ṣe é, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ni." Wọ́n dá ọmọ mi padà sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹgba sì ń bá a níbẹ̀. Mo padà lọ jẹ́wọ́ ní Adó. Nọ́ọ̀sì ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí àyè tó tún yọ. Àfọwọ́fà ni, n ò lè bú ẹnikẹ́ni.

Lánàá, mo bi í bóyá ebi ń pa á. Ó nàró ṣánṣán bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, sà."

Ó ti pé mẹ́sàn-án.