Gègé fún Ọwọ́ Òsì

Orúkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ bà jẹ́. Olóǹtẹ̀ kọ ọ́ síbi tó yẹ, lẹ́tà rẹ̀ dúró dáadáa, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Àmọ́ bó ṣe ń sún ọwọ́ síwájú láti kọ orúkọ bàbá ìyàwó, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ́ íńkì tútù náà lọ sórí orúkọ ọkọ. Kó tó gbé ọwọ́ sókè, àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan nínú ìwé ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ.

"Ṣé bí ìgbéyàwó tiwa ṣe máa rí nìyí?" ni ìyàwó bi í.

Ọ̀gá ilé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó náà fa ìlà pupa dábùú ojú ìwé yẹn. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ fúnra rẹ̀ sí ojú ìwé tó kàn, ó ń rẹ́rìn-ín sí tọkọtaya náà títí wọ́n fi jáde. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọwọ́ wo lo fi kọ ọ́?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Mo ní ọwọ́ wo?"

"Òsì, sà."

"Àwọn míì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀tún ni wàá fi kọ tiwọn. Tí o ò bá lè fi ọ̀tún kọ ọ́, ìdí òǹtẹ̀ rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí."

Ìdí òǹtẹ̀ yìí ló fún un lórúkọ tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, ibi tí atẹ́gùn ọ̀nà ń gbà wọlé, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí ẹlòmíràn kọ. Òsì ló fi ń lù ú látọjọ́ yìí wá, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ọwọ́. Nígbà tí akọ̀wé àgbà tó ń kọ ìwé ńlá tí wọ́n ń forúkọ tọkọtaya sí fẹ̀yìn tì, Olóǹtẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ fún àga rẹ̀. Wọ́n ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò ná. Owó oṣù kan náà ni, kò sí ohun tó fi lé. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kò mọ ẹni tó lù ú. Ẹni tó bá kọ nǹkan sínú ìwé ńlá, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò bá sí mọ́. Ohun tó wù ú nìyẹn, ohun tí ọ̀gá sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bírò kì í wọ inú ìwé ńlá. Íńkì inú ìgò ni wọ́n ń lò, irú èyí tí omi kò lè fọ̀ tí oòrùn kò sì lè pa, gègé ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Gègé ọ́fíìsì ti pẹ́ ju ọ̀gá alára lọ níbẹ̀. Ó sanra bí àtàǹpàkò, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó ń da íńkì bí ẹ̀rọ omi tí wọn kò tì dáadáa. Ẹni tó ń fi ọ̀tún kọ kò ní mọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń sá fún íńkì ni. Ọwọ́ òsì ní tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, orí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ló ń rìn.

Nígbà tí Olóǹtẹ̀ délé, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti lílọ̀ ló fi tọ́ ọ dàgbà. Olóǹtẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Mo ti sọ fún ẹ láti kékeré," ni ìyá náà wí, kò gbójú kúrò lára kọ́là tó ń lọ̀. "Mo fi aṣọ wé ọwọ́ yẹn títí ó fi sú mi. Eyín lo fi ń tú u."

"Ẹ wé e, mo tú u. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí nígbà náà, Màmá."

"Kò parí. Ọ̀gá rẹ ló ń bá mi wé e lọ."

"Á sú òun náà."

"Ìwọ ọmọ yìí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

"Ilé bàbá mi ò sọnù. Ta ló ní kí n júwe ẹ̀?"

Ẹ̀rín pa ìyá rẹ̀, àmọ́ kò tíì gbà fún un. "Ṣá fi ọ̀tún kọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá di ẹ̀yìn ìgbà náà, kó o padà sí èyí tó wù ẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Olóǹtẹ̀ kì í ṣe alágídí lásán. Ó mú bírò, ó fi ọ̀tún kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sẹ́yìn páálí ọṣẹ kan, ó rọra ń kọ ọ́ bí ẹni ru ìkòkò omi tó kún. Nígbà tó parí, ó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí iyanrìn. Ìyá rẹ̀ gbé ayọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na páálí náà jìnnà sójú.

"Ta ni ẹni yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kọ́ o." Ó dá a padà fún un. "Ká ní báyìí ni wọ́n ṣe kọ orúkọ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ gbé mi níyàwó, ìyàwó ẹlòmíràn ni ǹ bá jẹ́. Ṣé kì í ṣe gègé yẹn ló burú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Olóǹtẹ̀ létí. Gbogbo èèyàn ló ti ń dá ọwọ́ lẹ́jọ́ láti àárọ̀, òun náà sì wà nínú wọn. Kò sí ẹni tó pe gègé wá kó wá rojọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó bu íńkì ọ́fíìsì díẹ̀ sínú ìgò oògùn ikọ́ tó ti fọ̀ mọ́, ó sì gba ìsinmi ọ̀sán lọ sí ṣọ́ọ̀bù onítákàdá kan tó ń ta ohun ìkọ̀wé lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìfowópamọ́. Ibẹ̀ há débi pé ẹni méjì kò lè yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kì í dákẹ́.

"Àǹtí mi, ti yín rèé." Ó gbé gègé kan tó ń dán bíi wúrà jáde. "Èyí làwọn mínísítà fi ń buwọ́ lùwé."

"Mínísítà wo?"

"Gbogbo wọn."

Olóǹtẹ̀ yí i wò. "Wúrà rẹ̀ ń bó."

"Ó ń mí ni."

Olóǹtẹ̀ ṣí ìgò oògùn rẹ̀. "Mo fẹ́ tì í bọ íńkì mi kí n fi kọ̀wé wò."

"Ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò bí ọbẹ̀?"

"Ta ló ń ra ohun tí kò mọ adùn rẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà pòṣé, ó fún un ní bébà. Gègé mínísítà wúwo lórí bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, íńkì sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ oníke, ó fúyẹ́, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbẹ́ ibi tí ìka ń dì mú sí ẹ̀gbẹ́ méjì kí àtàǹpàkò àti ìka kejì lè mọ àyè wọn. Nínú ọwọ́ òsì, àyè ọ̀hún ń ti ẹnu gègé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń họ bébà.

"Ẹ fi ọ̀tún mú un, ẹ ó rí i bó ṣe máa dùn," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Bí mo bá fẹ́ fi ọ̀tún mú un, kí ni mo wá ṣe níbí?"

"Ta ló ń fòsì mú gègé, Àǹtí? Ẹ ra bírò, kí ara tù yín."

"Kí ló tún wà nínú abọ́ yẹn?"

Abọ́ oníke kan ló wà nílẹ̀, tí wọ́n da gègé wẹ́wẹ́ sí pẹ̀lú rọ́bà ìpawérẹ́ àti rúlà tó ti dá. Olóǹtẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀kan. Ike tó ń fi inú hàn ni, ó rí róbótó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó gbẹ́ àyè ìka kankan sí i lára. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí imú abẹ́rẹ́. Ó ń fa íńkì láti inú ìgò bíi síríǹjì dókítà, ẹnu náà sì ṣeé fà yọ kí a fi òmíràn sí i. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń jókòó rò. Ìyẹn gan-an ló sì fà á mọ́ra, nítorí íńkì ìwé ńlá máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Kí ni èèyàn fẹ́ fi wúrà ṣe lẹ́nu ohun tó ń jẹ irin? Èyí tó bá jẹ, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó wọ́ ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀. Íńkì náà fà, àmọ́ kò tó ti àtẹ̀yìnwá. Ó fẹ́ tún kọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti kó àwọn àpótí gègé yòókù dé orí káńtà, àyè tó ṣẹ́ kù kò gba bébà mọ́ àfi kó dùbúlẹ̀ ní ìbú. Olóǹtẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìlà ń gòkè lọ níwájú rẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Abẹ́ ìlà ló wà. Kò rìn lórí ohunkóhun.

Ó kọ òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó mú gègé mínísítà, ó fi kọ lórí bébà ìbú kan náà, ó ṣẹ́ bébà náà po: íńkì ti lẹ̀ mọ́ òdìkejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti inú abọ́, òdìkejì funfun. Ó jẹ́ pé bébà yíyí nìkan kò tó, gègé nìkan kò sì tó.

"Ẹ ti kọ bébà mi tán," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Mò ń ra èyí. Fún mi ní ẹnu kan sí i. Ṣé kì í jò?"

"Láéláé."

Olóǹtẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó fi áńkáṣífù wé e kó tó sọ ọ́ sínú báàgì. Nígbà tó délé, ojú búlúù kan ti là lára áńkáṣífù náà. Ó tún ìdérí gègé dé kó le, ó gbọ̀n ọ́n wò, kò jò mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tọkọtaya mìíràn wọlé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí wọn. Bàtà ìyàwó ń há a, ó ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi fún èkejì. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn àga Olóǹtẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera. Ìwé ńlá wà ní ipò rẹ̀, níbi tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́ tó fi tẹ àpá ara rẹ̀ sórí tábìlì. Olóǹtẹ̀ yọ gègé rẹ̀, ó di etí ìwé náà mú, ó yí i sí ìbú. Igun kan yọ kúrò létí tábìlì.

"Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ kọ ọ́ ni, sà."

"Dá a padà bó ṣe wà."

"Rárá, sà."

"Mo ní ọ̀tún ni wàá fi kọ ọ́."

"Mo gbọ́ yín, sà. Òsì ni mo fi ń kọ̀wé."

"Ìwé ìjọba kì í dùbúlẹ̀ báyẹn."

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, sà? Wọ́n kọ irú íńkì tí a ó lò. Wọn ò kọ bí ìwé ṣe máa sùn. Wọn ò kọ ọwọ́."

Ìyàwó ló gba ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàtà yìí ń pa mí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ pàápàá, kó máa kọ ọ́."

Ọkọ rẹ̀ yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Tí íńkì bá fà," ni ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, "ìdí òǹtẹ̀ lo máa jókòó sí kílẹ̀ òní tó ṣú."

"Mo gbà, sà."

Ó kọ ọ́. Íńkì náà ń jáde ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń di dúdú bó ṣe ń gbẹ. Orúkọ ìyàwó, orúkọ ọkọ, iṣẹ́ wọn, orúkọ bàbá méjèèjì. Ó ń gbọ́ èémí ọ̀gá létí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó ń retí. Bó ṣe gbé gègé sókè lórí ìlà ìkẹyìn, ọ̀gá ti na àtàǹpàkò síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, sà," ni Olóǹtẹ̀ wí. "Ọwọ́ ọ̀tún náà máa ń ba íńkì tútù jẹ́."

Ọ̀gá dáwọ́ dúró. Ó gbé àtàǹpàkò lọ sókè, sórí orúkọ ìyàwó, ó tẹ̀ ẹ́, ó wọ́ ọ. Ó wo ìka rẹ̀. Ó fi òmíràn gbìyànjú lórí orúkọ ọkọ, ó tún wo ìyẹn náà. Méjèèjì mọ́.

"Lẹ́tà rẹ ń fì sẹ́yìn lọ," ló sọ níkẹyìn.

"Bó ṣe máa ń lọ nìyẹn, sà."

Tọkọtaya náà àti ẹlẹ́rìí wọn buwọ́ lù ú. Ìyàwó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán jáde.

Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Olóǹtẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó padà sídìí òǹtẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè é ní Olóǹtẹ̀. Ìyá rẹ̀ béèrè bó ṣe lọ, ó sọ fún un, ìyá náà ní ó dára, àmọ́ kó má fi ọwọ́ yẹn nawọ́ owó sí oníbàárà òun. Ọmọbìnrin inú ṣọ́ọ̀bù ti lẹ bébà kan mọ́ abọ́ rẹ̀ pé gègé àwọn ọlọ́wọ́ òsì nìyí, ó sì ti fi nǹkan lé owó rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, kí ọ̀gá tó ti ọ́fíìsì, ó dá ìwé ńlá padà sójú àpá rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fọwọ́ tọ́ igun rẹ̀ kó gún. Bẹ́ẹ̀ ni Olóǹtẹ̀ bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́, ó jókòó, ó sì yí ìwé náà sí ìbú.