Òróró Tí Mo Fi Ba Àwòrán Ọ̀gá Mi Jẹ́

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà olóróró ya ojú ènìyàn. Tíṣà ni mí nígbà náà ní iléèwé kan ní Bẹẹrẹ. Bí a bá ti jáde, n óò gba ẹ̀yìn Màpó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ọ̀gá mi lẹ́bàá Ọjà'ba. Ó ti gbé ìlú òyìnbó rí, àwọn ìjòyè àti olówó ló ń yà. Ìyàwó rẹ̀ a máa dirí fún àwọn obìnrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni àwòrán kan tí a tẹ̀ sórí ìwé, tó mú ti òkè òkun bọ̀. Bàbá òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, ó dé fìlà, ìmọ́lẹ̀ bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, òkùnkùn bo èkejì. Ọ̀gá ní ó ti pẹ́ gan-an tí ẹni tó yà á ti kú, pé lára iṣẹ́ irú wọn ni ayàwòrán ti ń kọ́ iṣẹ́. Kí n wò ó yà, kí n fi ojú nìkan wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá tọ ilà rẹ̀ kò kọ́ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yà á tí mo ń pa á rẹ́. Imú bàbá náà kò dúró síbi kan. Ọjọ́ tí ọ̀gá lọ sìnkú ní Ọ̀yọ́, mo fi òróró tí a fi ń po ọ̀dà pa ẹ̀yìn ìwé náà títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo gbé e lé gíláàsì fèrèsé, mo fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, mo tọ gbogbo ilà rẹ̀, mo sì tẹ ilà náà sórí aṣọ tí mo fẹ́ fi ọ̀dà kùn. Mo rò pé òróró náà yóò gbẹ tán. Àbàwọ́n ló dà sí bàbá náà lójú.

Nígbà tí ọ̀gá dé, iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ojú mi ti là. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé náà. Ó wo òróró tó wà lára ìwé náà, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fi òróró pa irun oníbàárà kan.

"Ọwọ́ olóróró rẹ lo fi kàn án," ló wí fún un.

Obìnrin náà ní òun kò fọwọ́ kàn án. Ó wò mí. Mo tẹjú mọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí mo ń nù.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá kò jẹ́ kó dirí nínú ilé mọ́. Abẹ́ àtíbàbà kan ní Ọjà'ba ló gbé àga rẹ̀ lọ; bí òjò bá dé, á gbé e sá. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá títí mo fi wá ọ̀nà mìíràn. Láìpẹ́, ọ̀gá ní kí n ya ìjòyè kan tó jókòó níwájú wa. N kò rí ilà kankan tọ. Mo parọ́ pé iṣẹ́ iléèwé pọ̀, n kò sì padà mọ́.

Ó tó ọdún márùn-ún kí n tó lè lọ dúró níwájú àga ìyàwó ọ̀gá lọ́jà, tí mo jẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú irun tó ń dì.

"Mo mọ̀, tíṣà. Òróró àgbọn ni mo fi ń dirí. Òórùn ọ̀dà ló wà lára ìwé yẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Mo sọ fún un. Ó ní tíṣà kì í purọ́."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ là kí n wọ̀ ọ́ lọ. Ó ní kí n lọ bá ẹni tí mo parọ́ fún. Mo lọ. Àwòrán mi wà lára ògiri ọ̀gá. Ó ń sọ fún mi bó ṣe ń fi í han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Kò bínú. Kò tilẹ̀ wò mí.

"Òótọ́ ni ìyàwó mi ń sọ fún mi nígbà náà," ló wí. Ó wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ó wọ̀ ọ́, ó gba ọ̀nà ọjà lọ, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ títí pé kó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà ní rárá, pé àwọn oníbàárà òun ti mọ òun mọ́ ọjà. Bí mo bá kí i pé ojú gbooro o, tọ̀yàyàtọ̀yàyà ló fi ń dáhùn. Èmi ni n kì í lè wò ó lójú.