Orúkọ Télọ̀ Lójú Pátákó Akínọlá

Tẹ́ ẹ bá rí ọkọ mi Akínọlá tó ń wo ojú sánmà, ẹ má dá a lóhùn. Lẹ́tà ló ń rí níbẹ̀. Pátákó ló ń kọ jẹun. Orúkọ tó wà lára ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Lotto níbí, ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Nígbà ọyẹ́, tí ìkùukùu bá bo títì márosẹ̀, tí mọ́tò ń kọjá bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá, á dúró síta pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, á gbàgbé ayé. Màá pariwo, "Bàbá Tolú, ẹ wá jẹun!" Á kàn rẹ́rìn-ín sí mi. Báwo ni kí n ti ṣe é? Mo fẹ́ràn rẹ̀ náà ni.

Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ilé wa. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí ọkọ mi, Tíṣà Gbémiga àti Bọ̀dá Àbúbákr fọkanáísà ti ń jókòó síbẹ̀ láràárọ̀, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà. Tíṣà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Àbúbákr ń kírun, ọkọ mi ń wo sánmà. Ẹ̀rín wọn ló máa ń jí mi.

Tíṣà ló gbé fíìmù dé. Ó máa ń fi ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ han àdúgbò ní ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ọkọ mi ló ń kọ ìkéde rẹ̀ sí pátákó dúdú ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì. Ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí bí wọ́n ṣe ń kórìíra àwọn Júù, láti ìgbà ogun Hítílà títí dòní.

"Kọ ọ́ pé fíìmù tó sọ òtítọ́ ni," Tíṣà ní.

Bọ̀dá Àbúbákr ju táyà sílẹ̀. "Òtítọ́ wo? Mo ti wo ìparí rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń sunkún nítorí Gásà, Júù ló kórìíra. Ṣé èmi náà kórìíra wọn ni? Kọ ọ́ pé ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan!"

"Wọ́n pa èèyàn bí ẹní pa eèrà, o ní ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan?"

Bí ọkọ mi bá kọ ti Tíṣà, Àbúbákr á nù ún. Bó bá kọ ti Àbúbákr, Tíṣà á nù ún. Níkẹyìn, Tíṣà pè é ní ojo, Àbúbákr pè é ní ẹlẹ́nu méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, búrẹ́dì mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

"Ẹ̀yin gan-an, ṣé ẹ ti wo fíìmù náà?" mo bi í.

Ó mi orí. Kò wò ó! Ìkéde bọ́ọ̀lù ló mọ́ ọn lára, èyí tó máa ń kọ sí pátákó kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù náà. Inú bí mi débi tí mo fi fẹsẹ̀ ara mi lọ bá àwọn méjì yòókù: ẹ wá wò ó tán kẹ́ ẹ tó jà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwa mẹ́rin wọ gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà kan ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn aládùúgbò fi ọ̀dà pa orúkọ bàbá náà rẹ́ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ "Júù" lé e. Nígbà tó yá, wọ́n kó bàbá lọ, kò padà mọ́. Ìyá náà ní títí dòní, òun ṣì ń gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Ọkọ mi wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí ìparí dé, lóòótọ́ ni: wọ́n da àwọn tó ń ké fún Gásà pọ̀ mọ́ àwọn apààyàn, wọn ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn sọ̀rọ̀. Tíṣà sorí kọ́. "Ibẹ̀ yẹn, wọn ò ṣe dáadáa."

Níta, ọkọ mi mú ṣọ́ọ̀kì. "Mo lè wà láàárín lórí fíìmù," ó ní. "Mi ò lè wà láàárín lórí búrọ́ọ̀ṣì yẹn."

Bọ̀dá Àbúbákr wo pátákó ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì, èyí tí ọkọ mi kọ fún un. "Kọ tèmi sísàlẹ̀, pé wọn ò gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ké fún Gásà. Àmọ́ kọ orúkọ télọ̀ yẹn sókè ná. Kọ ọ́ kó tóbi."

Ọkọ mi kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ti ṣọ́ọ̀bù: SÁMÚẸ́LÌ, TÉLỌ̀. Ẹnikẹ́ni ò nù ún.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan dúró níwájú pátákó, aṣọ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ibo ni ṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì télọ̀ yìí wà?"

Ọkọ mi sún kó lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó nawọ́ sí gbọ̀ngàn.