Ojú Tí Jacob Fi Ṣọ́ Ààlà

Ọdún kẹrin tí kùrukùru funfun ti bo ojú Jacob Gbádébọ̀ ni Akíntọ́lá, ọbàkan rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í hú pèrègún ààlà oko kòkó wọn ní Èmùré. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tún un gbìn sínú ilẹ̀ Jacob. Nígbà tí Jacob gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àgbà ẹbí, Akíntọ́lá ní, "Ṣé ẹni tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fẹ́ tọ́ka ààlà fún wa?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí Jacob mọ́.

Lọ́dún 1992, Bọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀, tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́, mú un lọ sí ọsibítù. Àwọn tí Jacob mọ̀ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rí, awò tó nípọn bí ìdí ìgò ni wọ́n ń lò. Dókítà ní ìyẹn ti ń di ti àtijọ́: wọ́n yọ kùrukùru náà kúrò nínú ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́ńsì kékeré bíi dígí rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí ó máa kán oògùn sí i, kí ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Jacob ríran. Ṣùgbọ́n ó sọ fún Bọ́sẹ̀dé pé, "Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé kò yọrí sí rere." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń táràrà lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò padà sí ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Lọ́jọ́ kẹwàá ojú náà pọ́n, ó ń ro ó bí ìgbà tí wọ́n fi ata sí i. Bọ́sẹ̀dé bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, bàbá."

"Tí mo bá parí."

Lọ́jọ́ kejìlá ó jókòó sábẹ́ kòkó. Akíntọ́lá dé pẹ̀lú ọkọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o." Bó ṣe kí i tán ló yọ ṣùtì sí i, ó sì hú pèrègún mẹ́ta lójú rẹ̀. Jacob dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn àgbà àti Akíntọ́lá wá sóko. Ó ju ọ̀pá nù, ó sì ń tọ́ka sí ihò kọ̀ọ̀kan. "Èyí lo kọ́kọ́ hú lánàá. Bùbá aláwọ̀ ewé lo wọ̀. O yọ ṣùtì sí mi." Àwọn àgbà ní kí Akíntọ́lá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá gbogbo pèrègún padà. Ojú ń ṣomi, orí ń fọ́ Jacob, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ títí ẹyọ ìkẹyìn fi wọlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, kòkòrò àrùn ti ba ojú náà jẹ́ pátápátá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ti òsì. Kò fo oògùn kankan, kò pa ọjọ́ ìpàdé kan jẹ.

Ní 1995, ojú Akíntọ́lá náà ṣú. Ó rán Títílọlá ìyàwó rẹ̀ wá béèrè ọsibítù wo ni. Jacob wò ó dáadáa.

"Mi ò rántí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́."

Bọ́sẹ̀dé sin obìnrin náà jáde, ó sì júwe ibẹ̀ fún un. Jacob kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹ iṣu tuntun.